Má Yọ Ìdúró Yẹn Kúrò

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le, pé orí kò fọ́ ẹnikẹ́ni, pé ẹ ń sùn, ẹ ń jí, ẹ sì ń jẹun bó ti yẹ. Bí ìwé yìí bá bá ọ lórí ìdúró, wá ibi jókòó sí. Bí ó bá bá ọ lórí ìjókòó, má dìde títí wàá fi kà á tán. Ara tèmi náà le, àfi pé ọkàn mi kò tíì balẹ̀. Ife tíì tí mo gbé láàárọ̀ yìí, ìdajì rẹ̀ ló wà lára ṣòkòtò mi.

Àbúrò rẹ kò kú. Mo ń tún un sọ nítorí mo mọ̀ pé o kò gba ohun tí a sọ fún ọ lórí fóònù gbọ́. Kò kú, kò yarọ, kò fọ́jú. Ó wà nínú yàrá kejì bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ó ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Ọgbẹ́ kan ṣoṣo ló ní, ó wà ní ìgbọ̀nwọ́, kò sì ju èyí tí ọmọdé máa ń gbé wálé láti ibi eré lọ. Nítorí náà nu ojú rẹ, kí o gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Aránṣọ tó ń gbé yàrá iwájú ló ń bá mi kọ ọ́. O mọ̀ pé n kò mọ ìwé, ohun tí mo mọ̀ ni kí n sọ̀rọ̀ bó ṣe wà nínú mi. Mo ti sọ fún un pé kí ó kọ ohun tí mo bá sọ gẹ́lẹ́, kí ó má ṣe gé e, kí ó má ṣe fi ìgbátí sí i. Mo yan ìwé nítorí pé fóònù kì í jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ìwọ ń sunkún, èmi ń pariwo, katakata ń bú lẹ́yìn mi. Ohun tí mo gbọ́ nínú ẹkún rẹ ni pé o máa yọ ìdúró yẹn kúrò lára irin ìtúlẹ̀ tuntun tí o ṣe, pé òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àbúrò rẹ, àti pé bí o bá ti yọ ọ́ tán, o máa fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Láti ìgbà náà o kò gbé fóònù mọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìwé kì í dún, o kò lè pa ẹnu rẹ̀ dé.

O mọ irin ìtúlẹ̀ ju èmi lọ, ṣùgbọ́n o kò mọ Olóríkunkun. Olóríkunkun ni orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ oko sọ ìtúlẹ̀ àtijọ́ tí Ìyá Olóko ní, obìnrin tí àbúrò rẹ ń wa katakata fún. Ojú méjì ló ní, bíi ti gbogbo irú rẹ̀: abẹ kan kọjú sí ilẹ̀, èkejì kọjú sí ọ̀run. Bí katakata bá fà á dé òpin oko, awakọ̀ á gbé e sókè, á yí i, abẹ tó wà lókè á di ti ìsàlẹ̀, kí katakata lè padà gba ẹ̀gbẹ́ poro tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là wá. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ti Olóríkunkun kò rí bẹ́ẹ̀. Amọ̀ ti dí i ní oríkèé. Bí wọ́n bá yí i, á dé àárín, á há síbẹ̀, á la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tí àgbọ̀n rẹ̀ yẹ̀.

Òòlù ńlá kan wà tí wọ́n fi wáyà so mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó awakọ̀. Bí Olóríkunkun bá ti há, awakọ̀ á sọ̀kalẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ wọ abẹ́ rẹ̀, á fún un ní òòlù kan tàbí méjì ní oríkèé, irin á sì yí gbàmù. Wọn kì í pè é ní lílù. Jíjí ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á ní, "Ó ti sùn o, lọ jí i." Ọ̀gá tó kọ́ àbúrò rẹ níṣẹ́ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó kọ́ ọ̀gá náà ló sì kọ́ òun náà bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá yẹn ń tiro títí dòní, nítorí pé lọ́jọ́ kan Olóríkunkun jí kó tó yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò. Síbẹ̀ òun gan-an ló máa ń sọ fún àwọn awakọ̀ pé kí wọ́n má fi ọwọ́ ọ̀lẹ lù ú.

Nígbà tí tuntun tí o ṣe dé, gbogbo oko ló jáde. Ó ń dán bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí iléeṣẹ́ yín rán tẹ̀lé e, Onígíláàsì la sọ ọ́ nítorí gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò, kò sì bínú. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi. N kì í lọ sí oko náà tẹ́lẹ̀. Bíríkìlà ni mí, kí ló kan bíríkìlà pẹ̀lú poro? Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ohun tó gbé ọ jìnnà sí mi tó bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe yọ lókèèrè, ẹnì kan láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ní, "Ẹ wò ó, Bàbá Sìmẹ́ńtì mà jáde." O kò mọ orúkọ yẹn. Láti ọjọ́ ìsìnkú ìyá rẹ ni wọ́n ti fún mi, nítorí pé ojú mi gbẹ títí wọ́n fi kó iyẹ̀pẹ̀ bò ó tán. Kò dùn mí. Sìmẹ́ńtì wúlò ju omijé lọ. Aránṣọ ní kí n yọ gbólóhùn yẹn kúrò, mo ní kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Onígíláàsì fúnra rẹ̀ ló wa katakata ní ìlà àkọ́kọ́. Nígbà tó dé òpin oko, ó yí irin rẹ. Ó gbéra nílẹ̀, ó yí dé àárín, ó sì dúró níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yí ìyókù, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò dún gbàmù bíi ti àtijọ́. Ojú mi rí ìdúró yẹn, ọkàn mi kò tíì rí i. Onígíláàsì ń ṣàlàyé láti orí ìjókòó, ó ń nawọ́ sí ibi tí irin ti dúró, ṣùgbọ́n katakata ń bú ramúramù. Àbúrò rẹ ń mi orí. Ọ̀gá tó ń tiro ń mi orí. Gbogbo wọn ń mi orí. Ẹni tó ń mi orí nídìí ẹ̀rọ tó ń pariwo, ọmọlúàbí ló ń ṣe, kì í ṣe pé ó gbọ́.

Àbúrò rẹ wá gorí rẹ̀. Ọkọ Katakata ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, orí sì ti wú u, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ló ṣe irin náà, bí ẹni pé òun ló bí ọ. Ó lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀. Poro náà tọ́ bí okùn tí mo máa ń ta kí n tó to búlọ́ọ̀kù. Ilẹ̀ ń dojú bolẹ̀ ní apá kan náà, láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, kò fi òkìtì sílẹ̀ láàárín. Inú mi dùn. Mo ń sọ ọ́ kí o lè mọ̀: kí ohun tó ṣẹlẹ̀ tó ṣẹlẹ̀, inú mi dùn.

Ìsàlẹ̀ oko náà sún mọ́ odò kékeré kan. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, amọ̀ rẹ̀ a sì máa lẹ̀ bí àtè. Ibẹ̀ ni èmi àti Onígíláàsì dúró sí. Katakata dé, àbúrò rẹ gbé irin sókè, amọ̀ ti bo gbogbo abẹ rẹ̀, ó yí i. Irin dé àárín, ó dúró, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rí àbúrò rẹ tó bojú wẹ̀yìn. Mo rí i tó pòṣé. N kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo mọ bí ẹnu rẹ̀ ṣe máa ń rí. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ìjókòó, ọwọ́ rẹ̀ sì bá òòlù. Òòlù Olóríkunkun ṣì wà níbẹ̀, ọmọ mi. Wọ́n tú irin àtijọ́, wọ́n so tuntun, kò sí ẹni tó rántí tú òòlù.

Onígíláàsì pariwo, ó sì sáré. Èmi kò sáré nígbà náà, nítorí n kò mọ ohun tó ń pariwo lé lórí. Àbúrò rẹ bẹ̀rẹ̀ wọ abẹ́ irin bó ti máa ń ṣe láti ọjọ́ tó ti gba iṣẹ́ yẹn, ó gbé òòlù, ó sì lọ jí ohun tí kò sùn. Òòlù kò bá oríkèé. Orí rọ́bà tí ọ́ìlì tó ń gbé irin náà sókè ń gbà kọjá ló bá. Ọ́ìlì tú jáde, ó bo gbogbo ojú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ nínú amọ̀, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja. Irin náà sì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Mo ti rí nǹkan láyé. Mo ti rí kí ògiri wó lu ènìyàn. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi pa ojú ìyá rẹ dé. N kò tíì rí ohun tó dà bíi kí abẹ irin máa sọ̀kalẹ̀ bọ̀ wá sí àyà ọmọ ẹni, kí ẹsẹ̀ ẹni sì di òkúta. Mo ka àbúrò rẹ kún òkú. Kí n má purọ́ fún ọ, mo ti ń ronú ibi tí a ó gbẹ́ sí, ní apá òsì ìyá yín, nítorí pé gbòǹgbò igi wà ní apá ọ̀tún. Bí ọkàn ènìyàn ṣe ń sáré tó nìyẹn. Irin kò tíì balẹ̀, mo ti sin ọmọ.

Irin náà sì dúró.

Ó dúró lókè àyà rẹ̀, àlàfo tó wà láàárín wọn kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kò sí ẹni tó dì í mú. Ọ́ìlì ṣì ń dà. Ó dúró bí ẹni tó ń ronú, ó mì díẹ̀, lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí arúgbó tó ń fi ìdí wá àga. Àyè tó fún wa kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó. Onígíláàsì di ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mú, èmi di èkejì. N kò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Bàtà mi kan wà nínú amọ̀ yẹn di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. A wọ́ ọ bí ẹni wọ́ àpò sìmẹ́ńtì, òkúta ha á ní ìgbọ̀nwọ́, ó bọ́ síta. Irin rẹ wá rọra jókòó sí ibi tí àbúrò rẹ ti kúrò.

O mọ ohun tí àbúrò rẹ kọ́kọ́ sọ? Ọ́ìlì bo ojú rẹ̀, kò ríran, ó dùbúlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Bàbá, ṣé ó ti yí?" Mo gbá a létí. Lẹ́yìn náà mo dì mọ́ ọn, n kò sì mọ ìgbà tí mo tú u sílẹ̀.

Àwọn èèyàn dé. Ìyá Olóko dé, ó wo àbúrò rẹ láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n bu omi fún un, ó sì yíjú sí irin. Ó ní, "Irin tó ń sinmi lójú ọ̀nà, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Àwọn ọ̀lẹ tí mo ní lóko yìí tó mi." Ó ní kí wọ́n gbé e padà, kí wọ́n yọ ìsinmi yẹn kúrò lára rẹ̀ kí wọ́n tó tún gbé e dé ọ̀dọ̀ òun. Ọ̀gá tó ń tiro fara mọ́ ọn. Ó ní Olóríkunkun burú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í tan èèyàn jẹ. Onígíláàsì fa fóònù yọ, ó pè ọ́. Ọ̀rọ̀ Ìyá Olóko ló kọ́kọ́ sọ fún ọ kó tó sọ pé àbúrò rẹ yè. Mo bínú sí i fún ìyẹn. Bí ènìyàn bá ń gbé ìròyìn lọ, orí ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé, kì í ṣe ìrù.

Lásìkò tí gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀, èmi ń wo irin náà níbi tó jókòó sí. Mo ti rí ìdúró yẹn rí. Mo mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe pé mo rí ohun tó jọ ọ́, òun gan-an ni mo rí.

Nígbà tí mo kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà, ohun tí ọ̀gá mi kọ́kọ́ fi hàn mí kì í ṣe bí a ṣe ń po kọnkéré. Bí a ṣe ń sọ òkúta kalẹ̀ ni. Ó ní ẹni tó bá gbé òkúta ńlá láti àyà lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá kán, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ á kán. Ó ní orúnkún ni ilé àbọ̀. Gbé e dé orúnkún, jẹ́ kó sinmi níbẹ̀, kí ìwọ náà mí, kí o tó rọra gbé e lọ sílẹ̀. Bí ó bá ṣe wúwo tó ni kó ṣe sinmi pẹ́ tó. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ṣe é bẹ́ẹ̀, tí n kò fi ronú lé e mọ́.

Nígbà tí ẹsẹ̀ ìyá rẹ kọ̀, n kò mọ ọ̀nà mìíràn tí a ń gbà gbé ènìyàn. Ọ̀nà òkúta ni mo mọ̀, òun ni mo lò. Láràárọ̀ ni mo máa ń gbé e kúrò lórí ibùsùn wá sí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ó lè máa wo àwọn tó ń kọjá kí ó sì máa bú wọn nínú. Mo máa ń gbé e dé orúnkún mi, á sinmi níbẹ̀, lẹ́yìn náà màá gbé e sórí àga. Nígbà tí àìsàn náà wọ̀ ọ́ lára, ó rù, síbẹ̀ ó ń wúwo sí i, nítorí pé kò lè ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ mọ́. Ìsinmi orúnkún wá ń gùn sí i. Nígbà ìsinmi iléèwé, ìwọ lo máa ń dúró ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú tìmùtìmù lọ́wọ́, kí o lè tì í bọ ẹ̀yìn rẹ̀ bó bá ti jókòó. O kì í sọ̀rọ̀. O máa ń gbé ojú sí ilẹ̀. Mo rò pé o kò fẹ́ wò.

Mo pe Onígíláàsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, kí ló di irin yìí mú nígbà tí ọ́ìlì ti dà nù? Ó fi ọwọ́ nu gíláàsì rẹ̀, ó fi ọ́ìlì kùn ún, ó wá fọwọ́ kan irin roboto kan ní ẹ̀gbẹ́ oríkèé, kò tó apá ọmọdé. Ó ní òun ló ń dá irin dúró ní àárín kí ó má baà já lu ẹ̀gbẹ́ kejì, bí ẹrù bá sì ṣe wúwo tó ló ṣe máa ń dá a dúró pẹ́ tó. Ó ní bí rọ́bà bá já tí ọ́ìlì fẹ́ sá jáde, ohun kan nínú rẹ̀ á pa ara rẹ̀ dé, ọ́ìlì á kàn máa jò díẹ̀díẹ̀. Mo ní, kí ni orúkọ rẹ̀? Ó ní ó ní orúkọ gígùn kan, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ní iléeṣẹ́. Ó ní, "Orúnkún ni gbogbo wa ń pè é, Bàbá. Ọ̀gá wa, ọmọ yín, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. A ò mọ ìdí tó fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Mo jókòó sínú amọ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi.

Ẹkún tí mo sun níbẹ̀, n kò mọ ibi tó ti wá. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá fọ́ ògiri ilé tirẹ̀ tí ó bá omi nínú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ fọwọ́ dí ẹnu. Wọ́n rò pé ẹ̀rù ọmọ ló ń bà mí. Ìyá Olóko fúnra rẹ̀ wá, ó bọ́ ìborùn rẹ̀ fún mi, ó ní, "Ẹ ṣe pẹ̀lẹ́, Bàbá, ọmọ yín yè." Kì í ṣe ọmọ tó yè ni mo ń sunkún lé. Ìyá rẹ ni mo ń sunkún. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, mo rò pé ohun tí mo ṣe fún un ti bá a wọlẹ̀. Mo rò pé kò sẹ́ni tó rí i. Ó wá di ọ̀sán gangan, nínú oko olóko, irin gbé ọmọ mi sórí orúnkún mi. Ẹnu ṣì ń yà mí. Mo máa ń dìde lórí ibùsùn kí n lọ wo orúnkún ara mi nínú dígí, bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Nísinsìnyí, gbọ́ mi. Má yọ ìdúró yẹn kúrò. Bí o bá yọ ọ́, irin á máa yí kíákíá, inú Ìyá Olóko á dùn, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún ọ. Ọjọ́ tí rọ́bà bá wá já fúnra rẹ̀, ọmọ ẹlòmíràn ló máa wà lábẹ́ rẹ̀, orúnkún kò sì ní sí níbẹ̀. Àbúrò rẹ kò fara pa nítorí pé irin dúró. Ó wọ abẹ́ irin nítorí pé irin dúró tí kò sì sọ̀rọ̀. Ohun méjì ni, má pò wọ́n pọ̀. Bí Olóríkunkun ṣe máa ń dúró àti bí tìrẹ ṣe dúró, ojú kan náà ni wọ́n ní. Ọ̀kan há, ọ̀kan ń sinmi. Báwo ni ẹni tó wà lórí ìjókòó, tí amọ̀ bo ojú rẹ̀, ṣe máa mọ ìyàtọ̀?

O dúró ní ẹnu ọ̀nà lóòótọ́, o sì rí orúnkún. Ṣùgbọ́n o jìnnà, o kò gbọ́ ohun tí mo máa ń sọ. Bí mo bá ti gbé ìyá rẹ dé orúnkún, mo máa ń sọ ọ́ sí i létí pé, "Mo dì ọ́ mú. Mo ń sinmi ni. A ti fẹ́ sọ̀kalẹ̀." Ojoojúmọ́ ni, ọ̀rọ̀ kan náà. Lọ́jọ́ kan ọ̀fun ń dùn mí, n kò sọ nǹkan kan. Ara ìyá rẹ le gbagidi, ó rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lù mí ní ẹ̀yìn gbà gbà, díẹ̀ ló kù kí àwa méjèèjì lọ sílẹ̀. Nígbà tí mo gbé e jókòó tán, ó ní, "Bí o bá dákẹ́ níbẹ̀ yẹn, mo máa ń rò pé o ti jù mí sílẹ̀." Ìyá rẹ, tó mọ̀ mí láti ìgbà èwe. Tí òun bá lè lù mí nítorí pé mo dákẹ́, kí ni kí àbúrò rẹ ṣe sí irin tí kò tíì mọ̀ rí?

Nítorí náà, fi ẹnu sí i. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bóyá kó súfèé, bóyá kó tan iná níwájú awakọ̀, bóyá kó máa dún kíkankíkan níwọ̀n ìgbà tó bá ń sinmi, ìyẹn kù sí ọ lọ́wọ́. Kó sáà jẹ́ pé bó bá ti dúró, á sọ fún ẹni tó wà lórí ìjókòó pé mo dì í mú, mo ń sinmi ni, a ti fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Kí ẹni tí ẹ bá tún rán wá sì kọ́kọ́ pa katakata kó tó ṣàlàyé ohunkóhun. Kó béèrè lọ́wọ́ wọn pé òòlù dà, kó gbà á lọ́wọ́ wọn kó tó so irin.

Ní ti pé o fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, n kò gbọ́ ọ. Katakata ló ń pariwo.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ohun tí o bá gbé kò ní wúwo ju orúnkún rẹ lọ. Ibi tí agbára rẹ bá ti fẹ́ pin, wàá rí ibi sinmi lé kí o tó débi tí ò ń lọ. Àwọn ọmọ rẹ yóò máa wò ọ́ láti ẹnu ọ̀nà, ohun rere ni wọn yóò sì rí. Irin kò ní gbẹ̀san lára wa. Àbúrò rẹ kò ní lọ kí a tó lọ.

Èmi ni bàbá tó bí ọ, bíríkìlà tó ti gbé òòlù sílẹ̀, ọkọ ìyá rẹ.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: òòlù Olóríkunkun wà lọ́dọ̀ mi báyìí, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni mo fi ń dá dúró. Àbúrò rẹ ti jí. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ti kọ́gbọ́n, pé láé, òun kò ní lu irin kankan mọ́. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni rédíò wa dákẹ́ díẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a. Fi ẹnu sí irin yẹn, ọmọ mi.